Orúkọ Ọmọ Inú Àwòrán

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ìjánu ni ó ń dá ẹṣin dúró bí ó bá fẹ́ ṣìnà. Orúkọ ni ó ń fa ọmọ padà sí ilé bí ayé bá fẹ́ gbé e lọ. Ta ni ó wá di ìjánu ọmọ mú bí ó bá jẹ́ pé àjèjì ni ó sọ ọ́ lórúkọ? Ìbéèrè yìí ni àwòrán kan tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1748 ń bi ẹnikẹ́ni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan ni wọ́n torí rẹ̀ yà á, ṣùgbọ́n ọmọdé aláwọ̀ dúdú kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, kọ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2001. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìrántí wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ohun tí a ń wò láti fi rántí ni àwòrán. Ẹni tí ó dúró tí ó ń wò ó ni awòran. Ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, àfi bí ẹni pé èdè Yorùbá mọ̀ pé ohun tí a ń wò àti ẹni tí ń wò ó kò lè jìnnà síra wọn. Bí àwòrán bá jẹ́ ohun ìrántí, a jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ni kí awòran béèrè pé: ta ni wọ́n ní kí a rántí, ta sì ni wọ́n gbàgbé láti dárúkọ?

Ilé ńlá àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Saltram ni àwòrán náà wà, ní Plympton, lẹ́bàá ìlú èbúté Plymouth, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ National Trust, tí ń tọ́jú àwọn ilé àti ilẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀, ni ó ń mójú tó ilé náà. Joshua Reynolds ni ó yà á. Plympton yìí gan-an ni wọ́n bí Reynolds sí ní ọdún 1723. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá ọ̀nà àtijẹ ni nígbà tí ó ya àwòrán yìí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1768, òkìkí rẹ̀ ti kàn débi pé òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ fún Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù.

Orúkọ ọ̀gá inú àwòrán náà ni Paul Henry Ourry. Ọdún 1719 ni wọ́n bí i, ọdún 1783 ni ó sì kú. Ipò lieutenant ni ó wà nígbà tí wọ́n yà á, lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀gá ọkọ̀ ogun. Láti ọdún 1763 títí di ọdún 1775, òun ni wọ́n rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti ṣojú Plympton. Láti ọdún 1775 náà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, òun ni ó ń bójú tó ibùdó tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun ní Plymouth. Ayé ọkùnrin yìí hàn gbangba bí ọjọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìtàn rẹ̀ yóò rí i kà, láti ìbí títí dé sàréè.

Àsìkò tí iyì àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun ń ga sí i ni wọ́n ya àwòrán náà. Ṣáájú ọdún 1748, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò ní aṣọ kan pàtó tí ìjọba fi lélẹ̀. Ohun tí ó bá wu kálukú ni ó ń wọ̀. Ọdún yẹn ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù tí ó dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, pẹ̀lú funfun lára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀wù yìí ti di ohun tí àwọn ayàwòrán fi ń jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ ogun ojú omi nìyí. Ipò ti wá di ohun tí ojú ń rí láti òkèèrè.

Ẹ jẹ́ kí ojú kúrò lára ọ̀gá náà wàyí, kí ó bọ́ sára ọmọ. Orúkọ tí ó bá àwòrán náà rìn dé òde òní fún un ni Jersey. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀wù tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Erékùṣù kan ni Jersey, ó wà nínú omi láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, ara òwú ìrun àgùntàn tí wọ́n ń hun níbẹ̀ ni ẹ̀wù náà ti gba orúkọ. Orúkọ erékùṣù àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ń pe ọmọ aláwọ̀ dúdú yìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi pe ẹ̀wù. Kò sí orúkọ baba lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọdún ìbí, kò sí ìlú.

Ilé ni Yorùbá ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn àgbà a pé jọ, wọn a gbé omi, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti ẹja kalẹ̀. Wọn a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúre fún ọmọ: omi kì í ní ọ̀tá, oyin kì í korò, orí ni ẹja fi ń la ibú já. Bí ọmọ bá mú orúkọ tọ̀run wá, bí i Táíwò, Dàda tàbí Àjàyí, wọn kò ní fi dù ú. Bàbá a sọ tirẹ̀, ìyá a sọ tirẹ̀, bàbá àgbà àti ìyá àgbà kò ní gbẹ́yìn. Nígbà tí wọn yóò bá fi ṣe tán, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ti di ẹni tí ó ní ìtàn lẹ́yìn. Ìtàn yìí ni kò sí nínú orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọ inú àwòrán.

Kì í ṣe Reynolds nìkan ni ó ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1600 títí di ọdún 1800, ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù kí àwọn ọlọ́lá fi ọmọdé aláwọ̀ dúdú kún àwòrán ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, ẹṣin àti agboorun ṣe ń fi ọlá ẹni hàn ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe ń fi hàn níbẹ̀ pé ọ̀gá yìí lówó, ó sì mọ ọ̀nà òkun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ ni ayàwòrán ń fi ọmọ sí, tí yóò mú kí ó gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1745, William Hogarth ya ọ̀gá ọkọ̀ ogun mìíràn, Lord George Graham, nínú yàrá rẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwòrán náà wà ní National Maritime Museum ní Greenwich. Apanilẹ́rìn-ín ni Hogarth. Graham jókòó ti tábìlì, ó ń fa ìkòkò tábà. Ajá kan dé irun àtọwọ́dá ọ̀gá náà sórí, ajá kejì gbé ẹnu sókè ó ń hu bí ẹni ń dá orin. Lápá kan, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń fọn fèrè, ó sì ń lu ìlù kékeré. Ẹni tí ó bá mọ ìlù yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó bá rí i, nítorí pé òun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí jù lọ nínú yàrá náà. Síbẹ̀, orúkọ Graham nìkan ni ó wà nínú àkọlé. Afọnfèrè wà níbẹ̀ láìlórúkọ, bí ajá ti wà níbẹ̀ láìlórúkọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ọmọ Máhìntẹ̀dó nínú gbogbo èyí. Ó kàn án púpọ̀. Ìlú ẹkùn odò Ìlàjẹ ni Máhìntẹ̀dó, ní etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, orúkọ rẹ̀ gan-an sì jẹ́ ìtàn tí ọmọdé lè tú fúnra rẹ̀: Máhìn ni ó tẹ ibẹ̀ dó. Níbi tí omi ti jẹ́ ọ̀nà, tí ọmọdé ti ń mọ àjẹ̀ dì mú kí ó tó mọ kálàmù dì mú, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé omi tí ń gbé ẹja wálé náà ni ó lè gbé ènìyàn lọ. Ọkọ̀ òyìnbó kò ṣàjèjì sí etíkun yìí. Ní ọdún 1885, àwọn ará Jámánì bá ọba Máhìn ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ náà, ọdún kan náà ni ó sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú ìgbà náà, òwò tí ó burú ju èyí lọ ti gba orí omi kan náà kọjá.

Àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n ṣe àkójọ ìwé àwọn ọkọ̀ akẹ́rú ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 ènìyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ láti Áfíríkà kọjá Òkun Àtìláńtíìkì. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2 nínú wọn ni wọ́n kó ní etíkun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ìlà-oòrùn Gánà òde òní wá títí dé agbègbè Èkó àti Ìbíní. Ọ̀sà àti odò tí ó so Èkó, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ pọ̀ wà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ní ọdún 1820, orí ọ̀sà yìí ni àwọn Ìjọ̀ ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí àwọn ìwé kọ orúkọ rẹ̀ ní Osifekunde. Wọ́n gbé e lọ sí Warri, ibẹ̀ ni ó gbà dé Bùràsíìlì. Ní Bùràsíìlì, wọ́n ń pè é ní Joaquim. Nígbà tí ó dé Paris, ó di Joseph. Ọpẹ́lọpẹ́ onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, d'Avezac, tí ó jókòó tì í, tí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀, tí ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1845. Inú ìwé yẹn ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ti tún yọ jáde. Ìbéèrè ni ó gbà á là lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ogun àti ọmọ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà hàn gbangba jù lọ nínú ìtàn Olaudah Equiano, ẹni tí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ọmọ Ìgbò ni òun. Ní ọdún 1754, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Henry Pascal, rà á ní Virginia. Wọ́n ti kọ́kọ́ ń pè é ní Michael, wọ́n tún ti pè é ní Jacob. Nínú ọkọ̀, Pascal ní Gustavus Vassa ni yóò máa jẹ́ láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ ọba ilẹ̀ Sweden kan. Ọmọ náà kọ̀. Ìgbátí ni ó gbà fún kíkọ̀ tí ó kọ̀, títí ó fi jẹ́ orúkọ náà. Orúkọ ọba ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ẹrú ni wọ́n fi ṣe. Bí orúkọ bá tóbi tó òkè, bí a kò bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò jẹ́ ẹ, ẹrù ni.

Equiano ra ara rẹ̀ padà kúrò lóko ẹrú ní ọdún 1766. Ní ọdún 1789, ó kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi àwòrán ara rẹ̀ sí iwájú ìwé náà. William Denton ni ó yà á, Daniel Orme ni ó gbẹ́ ẹ fún títẹ̀. Equiano wọ aṣọ ọlọ́lá, ó ṣí Bíbélì dání, ojú rẹ̀ sì dojú kọ awòran. Orúkọ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ àwòrán náà, ṣùgbọ́n ti ilé ni ó ṣáájú. Lónìí, nítorí ọmọ tí ó rà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbọ́ orúkọ Pascal. Ẹni tí ìbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ni ó wá sí àárín, tí ọ̀gá sì lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a má ṣe gbé ẹ̀bi jù. Wọn yóò ní ó kúkú sàn kí Reynolds ya ọmọ náà ju kí ó má yà á rárá lọ, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọjá lọ láìsí àwòrán, láìsí orúkọ kankan. Òtítọ́ ni. Ọwọ́ ayàwòrán fi ojú ọmọ náà pa mọ́ fún ohun tí ó ju ọdún 270 lọ, ojú kì í sì ṣe ohun kékeré. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Wọn yóò tún ní ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n wá ń lé àwọn akẹ́rú lórí òkun lẹ́yìn òfin ọdún 1807. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun wọn tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan mú. Ọmọ Òṣogùn kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti tà ní Èkó. Ní Sàró, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Ṣùgbọ́n Àjàyí kò sọnù. Orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wáyé bá a dé ipò bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ó sì wà láàrin orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ìdáǹdè ara rọrùn láti rí. Bí ẹni tí wọ́n dá nídè bá ṣe di orúkọ rẹ̀ mú ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wò pẹ̀lú.

Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ya ènìyàn. Ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, wọ́n máa ń gbẹ́ ère àkó fún àgbà tí ó kú. Wọn a gbẹ́ ẹ kí ó jọ olóògbé, wọn a wọ aṣọ rẹ̀ fún un, wọn a gbé e yíká ìlú, lẹ́yìn náà wọn a sin ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti kọ̀wé lórí àkó, ó sì jẹ́ kó yé ayé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2014 pé ẹni tí kò bá gbọ́ oríkì kò tíì rí iṣẹ́ ọnà Yorùbá tán. Oríkì gan-an jẹ́ àwòrán tí a fi ohùn yà. Ó ń sọ bí ẹni náà ṣe ga, bí ó ṣe ń rìn, ọmọ ẹni tí ó jẹ́, ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ayàwòrán lè gbàgbé orúkọ; akígbe oríkì kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i.

Síbẹ̀, òtítọ́ korò, ó sì yẹ ní sísọ fún ọmọdé. Yorùbá náà kó ẹrú, wọ́n sì ta ẹrú. Oríkì àwọn olówó àtijọ́ a máa ka ẹrú àti ìwọ̀fà mọ́ ọrọ̀ tí wọ́n ní, bí wọ́n ti ń ka ẹṣin àti aṣọ. Ta ni ẹrú wọ̀nyí? Oríkì kì í sọ. A jẹ́ pé àárín àwòrán àti ẹ̀gbẹ́ àwòrán wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá bínú sí Reynolds nítorí Jersey gbọ́dọ̀ lè fi ojú kan náà wo oríkì ilé baba rẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ lè fi èyí ṣe nínú kíláàsì kò ṣòro. Kí ó gbé àwòrán kan síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ ti Ourry, ìbáà jẹ́ ti ọba ìlú kan pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni wọ́n dárúkọ? Ta ni ó wà níbẹ̀ tí wọn kò dárúkọ? Ta ni ó sanwó kí wọ́n tó yà á? Ọmọ tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwòrán bí ẹni ń ka ìwé. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ oríkì kúkúrú fún ẹni ẹ̀gbẹ́ náà, láti inú ohun tí ojú wọn rí nìkan, láìpurọ́ mọ́ ọn. Wọn yóò rí i bí ó ti nira tó láti ki ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn ń dúró nílé. Ní Máhìntẹ̀dó àti láwọn ìlú etí omi Ìlàjẹ yòókù, fọ́tò àwọn àgbà wà lára ògiri àti nínú àpótí: ọkùnrin tí ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, obìnrin tí ó jókòó ti agbọ̀n ẹja, àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí ọmọ bá béèrè pé, "Ta nìyí?", ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń dá a lóhùn pé, "Ìyá àgbà kan ni." Orúkọ kò sí lẹ́yìn fọ́tò, àwọn tí ó mọ orúkọ náà sì ń dín kù. Ti fóònù kò sàn jù ú lọ. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń fún gbogbo àwòrán, nọ́ńbà ni yóò sì wà bí kò bá sí ẹni tí ó fi orúkọ sí i. Àwọn ará Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, mọ ohun tí òkun lè ṣe. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀. Bí ilé bá lọ, ohun tí ó wà lára ògiri rẹ̀ yóò bá a lọ.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bírò, kí ó kó àwọn fọ́tò náà lọ bá àwọn àgbà kí ilẹ̀ ọjọ́ wọn tó ṣú. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó béèrè orúkọ, oríkì, ilé baba àti ọdún, kí ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Kí ó má fo ẹnikẹ́ni: kí ó béèrè orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó di abẹ̀bẹ̀ dání lẹ́yìn ìyàwó, àti ti atukọ̀ tí ó dúró sí ìgun fọ́tò. Ọmọ Saltram kò rí ẹni tí yóò ṣe èyí fún un nígbà tí ó wà láyé. Àwọn ti Máhìntẹ̀dó ṣì lè rí.